Ipò àti Ìṣẹ̀lẹ̀: Àlàyé lórí Síso Súwíìṣì Gidi mọ́ Yàrá Awakọ̀ Òfuurufú Àfarawé tí a Fi Ọwọ́ Kọ́ Nílé

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá awakọ̀ òfuurufú àfarawé sínú ilé rẹ̀ fi lè so súwíìṣì gidi mọ́ kọ̀ǹpútà. Ètò àfarawé tí a ní lọ́kàn ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú ti ń ṣe. Ó ń fi ojú ọ̀run, pápá ìbalẹ̀ àti àwọn aago inú ọkọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣírò bí ọkọ̀ náà yóò ti gbéra nílẹ̀, bí yóò ti fò, àti bí yóò ti balẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1982 ni Microsoft gbé Flight Simulator rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde; X-Plane sì tẹ̀lé e ní àárín àwọn ọdún 1990.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo ètò wọ̀nyí ni ó ń fi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì darí ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn. Wọn a gé pákó ní ìwọ̀n pátákó ọkọ̀ gidi, wọn a lu ihò sí i, wọn a sì to súwíìṣì tí ọwọ́ lè dì mú sí ojú àwọn ihò náà. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn ni èyí: báwo ni ètò àfarawé yóò ṣe mọ̀ pé a ti gbé súwíìṣì kan sókè, tàbí pé a ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?

Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè yìí, ó lè dà bí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná nìkan. Lójú tiwa, ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé súwíìṣì gidi àti ètò tí ń gbọ́rọ̀ láti ẹnu rẹ̀ kì í sábà sọ èdè kan náà. Ipò ni súwíìṣì ń sọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ètò náà sábà ń gbọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè so gbogbo wáyà rẹ̀ bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ, kí súwíìṣì rẹ̀ sì máa purọ́ síbẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ ìdí tí irọ́ bẹ́ẹ̀ fi léwu. Lẹ́yìn náà ni a ó wá tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti orí ìka títí dé inú ètò, kí a lè rí ibi tí ó ti ń yí padà.

Ọkọ̀ tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni Cessna 172, ọkọ̀ kékeré oníjókòó mẹ́rin, ẹlẹ́ńjìnnì kan, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi kọ́ṣẹ́ káàkiri àgbáyé. Súwíìṣì rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì hàn gbangba.

2.0 Ìdí tí súwíìṣì gidi fi ṣe pàtàkì

2.1 Kíkọ́ fífò lórí ilẹ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1929, Edwin Link, ará Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù, lo ẹwìrì àti àwọn èròjà mìíràn tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ohun èlò orin wọ̀nyí láti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń mì tí ó sì ń yí bí ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n tí kò kúrò nílẹ̀. Ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ ológun Amẹ́ríkà mélòó kan ti kú níbi tí wọ́n ti ń gbé lẹ́tà kiri nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ilé-iṣẹ́ ológun ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé àṣìṣe tí a bá ṣe lórí ilẹ̀ kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, àti pé ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ níbẹ̀ ń bá ni dé ojú ọ̀run.

2.2 Ohun tí ọwọ́ mọ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ogun B-17 a máa ṣe àṣìṣe kan léraléra. Bí wọ́n bá balẹ̀ tán, tí ó yẹ kí wọ́n ká fláàpù, èyíinì ni abala ẹ̀yìn apá ọkọ̀ tí a máa ń nà sílẹ̀ nígbà ìbalẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọn a ká, ọkọ̀ a sì fi ikùn lélẹ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, ṣàkíyèsí pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn awakọ̀ nìkan: súwíìṣì méjèèjì jọra, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn. Àbá tirẹ̀ ni pé kí a fi rọ́bà róbótó bíi táyà sórí ti ẹsẹ̀, kí a sì fi ohun pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ sórí ti fláàpù. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ń dá wọn mọ̀ kí ojú tó rí wọn. Títí di òní, òfin Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ èrò ńlá pa á láṣẹ pé kí orí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí bíi táyà, kí ti fláàpù sì rí bí apá ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbí ni pé ọwọ́ ní ìmọ̀ tirẹ̀. Máòsì kò lè kọ́ ọ ní ìmọ̀ yìí, nítorí pé bákan náà ni máòsì rí lọ́wọ́, ìbáà ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a ń ká, ìbáà ṣe iná ni a ń tàn.

2.3 Ohun tí ojú ń kà

Ìmọ̀ kejì ni ti ojú, òun sì ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹjọ, ọdún 2005, ọkọ̀ Boeing 737 kan tí ó jẹ́ ti Helios Airways gbéra ní Larnaca ní Kípírù, ó ń lọ sí Áténì. Kí ó tó gbéra, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti yí súwíìṣì tí ń pinnu bí a ó ti ṣe ìdarí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kúrò ní AUTO sí MAN, kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò kan. Wọn kò dá a padà. Àwọn awakọ̀ kò sì kíyè sí i nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Bí ọkọ̀ ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, títí awakọ̀ méjèèjì àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrò fi dákú. Ọkọ̀ náà ń dá fò títí epo fi tán, ó sì já lulẹ̀ nítòsí Grammatiko ní ilẹ̀ Gíríìsì. Gbogbo ènìyàn 121 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Súwíìṣì náà kò bàjẹ́, kò sì purọ́. Orí MAN ni ó wà, MAN náà ni ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó. Ojú ni kò kà á. Nítorí náà, ara iṣẹ́ tí a ń kọ́ awakọ̀ ni kí ojú rẹ̀ máa ka ipò súwíìṣì, kí ó sì gba ohun tí ó bá kà gbọ́. Bí yàrá àfarawé wa bá wá jẹ́ èyí tí súwíìṣì iná wà nísàlẹ̀ tí iná sì ń tàn, ohun tí a ń kọ́ ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ni pé kí ó má ṣe ka ipò sí. Lóòótọ́ ni pé wákàtí tí a lò nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ awakọ̀, àyàfi bí àjọ tí ń ṣe àkóso ìrìnnà òfuurufú bá fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àṣà tí ojú àti ọwọ́ bá kọ́ níbẹ̀ kò dúró de ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni.

3.0 Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ipò àti ìṣẹ̀lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀kùn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ti ṣe ohun kan tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí. Bí a kò bá gbọ́ ọ nígbà tí ó kàn án, kò sí ohun tí yóò sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó kàn án. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ìgbàkígbà tí a bá dé ni a ó bá a bẹ́ẹ̀. Ipò ni èyí. Èdè wa pàápàá fi ìyàtọ̀ náà hàn: 'ó tan iná' sọ ìṣẹ̀lẹ̀, 'iná wà ní títàn' sọ ipò. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún wa pé 'ó fọwọ́ kan súwíìṣì', a kò tí ì mọ̀ bóyá iná ti tàn tàbí ó ti kú.

Oríṣi méjì ni àwọn ohun tí a ń tẹ̀ tàbí tí a ń gbé pín sí lórí ìpìlẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnì tí ń padà: bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a sì gbé ọwọ́ kúrò, spríìngì inú rẹ̀ yóò dá a padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Èkejì ni súwíìṣì tí ń dúró: ibi tí a bá gbé e sí ni yóò wà. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù jẹ́ ti àkọ́kọ́. Súwíìṣì bátìrì, ti iná ìbalẹ̀, ti iná apá ọkọ̀ àti ti páǹpù epo nínú Cessna 172 jẹ́ ti èkejì.

Nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, àwọn tí ó ṣe ètò àfarawé pèsè àṣẹ kan tí ó bá bọ́tìnì tí ń padà mu: àṣẹ ìyípadà. Bí iná bá ń tàn, àṣẹ náà yóò pa á; bí iná bá ti kú, àṣẹ kan náà yóò tàn án. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù ni a ń tẹ̀. Ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá so àṣẹ yìí mọ́ súwíìṣì tí ń dúró. Kí a sọ pé ètò náà gbé ọkọ̀ sí ojú pápá pẹ̀lú iná ìbalẹ̀ ní títàn, nígbà tí súwíìṣì wa wà nísàlẹ̀. A gbé súwíìṣì sókè kí iná lè tàn. Ètò gbọ́ 'yí i padà', ó sì pa iná. Láti ìgbà náà lọ, òkè di pípa, ìsàlẹ̀ di títàn. Bí a tilẹ̀ gbé e sókè-sódò nígbà ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kò ní í tọ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ń yí padà pọ̀ ni.

4.0 Bí ipò súwíìṣì ṣe ń di iná mànàmáná

4.1 Ẹsẹ̀, ilẹ̀ àti rèsítọ̀

Láàrin súwíìṣì àti kọ̀ǹpútà, a nílò bọ́ọ̀dù kékeré kan tí yóò máa ka súwíìṣì, tí yóò sì máa ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Arduino Leonardo, tí ṣíípù ATmega32U4 wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó mú kí a fẹ́ràn ṣíípù yìí ni pé òun fúnra rẹ̀ mọ èdè USB. Ó lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọ̀pá ìdarí eré ni òun, kí kọ̀ǹpútà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ 20 ni bọ́ọ̀dù náà ní tí a lè fi ka súwíìṣì.

Bí a ti ń so ó nìyí. Súwíìṣì tí ó rọrùn jù lọ ní ojú wáyà méjì. A ó so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, a ó so èkejì mọ́ ilẹ̀, èyíinì ni ojú tí a kọ GND sí. Nígbà tí súwíìṣì bá pa ojú wáyà méjèèjì pọ̀, ẹsẹ̀ náà yóò bọ́ sí fóltì 0. Ṣùgbọ́n nígbà tí súwíìṣì bá ṣí ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí kò so mọ́ ibì kankan dà bí ewé lórí omi. Ìmísí díẹ̀ láti ara wáyà tí ó wà nítòsí tó láti gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń lo rèsítọ̀ tí yóò máa rọra fà á mọ́ fóltì 5. Inú ṣíípù náà ni rèsítọ̀ yìí wà, a kàn ní láti pàṣẹ kí ó ṣiṣẹ́ ni. Àbájáde rẹ̀ ni pé súwíìṣì tí ó ṣí ń ka fóltì 5, èyí tí ó pa pọ̀ ń ka 0. Ó yí padà sí ohun tí ènìyàn lè rò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ètò inú bọ́ọ̀dù lè tètè tún un yí.

Fóltì 5 tí ó ti inú USB wá yìí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wọ inú pátákó súwíìṣì wa. Wáyà iná ilé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

4.2 Súwíìṣì tí ó lágbára jù

Ẹni tí ó bá rí súwíìṣì tí a tú lára ọkọ̀ òfuurufú gidi rà lè rò pé òun ti rí èyí tí ó dára jù. Ó lè yà á lẹ́nu bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ìdí rẹ̀ nìyí. Súwíìṣì tí a ṣe fún iná tí ó pọ̀ ní fàdákà ní ojú ibi tí irin ti ń kan irin. Fàdákà a máa dì ní ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ó bá pẹ́. Nínú ọkọ̀ gidi, agbára iná tí ń gba ibẹ̀ kọjá ni ó ń jó ìdọ̀tí náà dànù. Ṣùgbọ́n rèsítọ̀ inú ṣíípù wa wà láàrin óòmù 20,000 àti 50,000. Bí a bá fi pín fóltì 5, mílíámpù 0.1 sí 0.25 péré ni yóò máa kọjá. Èyí kéré jù láti ṣe irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yanjú rẹ̀. A lè ra súwíìṣì tí wúrà wà ní ojú irin rẹ̀, nítorí pé wúrà kì í dípẹtà. Bí a bá sì fẹ́ lo ti ọkọ̀ gidi dandan, a lè fi rèsítọ̀ óòmù 1,000 sí ìta ṣíípù, kí mílíámpù 5 lè máa gba ojú súwíìṣì kọjá. Súwíìṣì gidi tí a gbé kúrò ní àyè rẹ̀ nílò ìtọ́jú tí yóò jẹ́ kí ó lè máa sọ òtítọ́ ní àyè tuntun.

4.3 Ìta irin

Bí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ sílẹ̀, yóò ta sókè lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tó dúró. Irin inú súwíìṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní ìwọ̀nba mílíṣẹ́kọ́ndì mélòó kan, èyíinì ni ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ́nà mélòó kan, irin yóò kan ara wọn, yóò ya, yóò tún kàn. Ojú wa kò lè rí i, ṣùgbọ́n ṣíípù tí ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń rí gbogbo rẹ̀. Bí àṣẹ ìyípadà ni a bá so mọ́ ọn, gbígbé súwíìṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè di ìyípadà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí iná yóò parí sí.

Ìwòsàn rẹ̀ ni sùúrù. Ètò inú bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gba ipò tuntun gbọ́ àfi bí ipò náà bá dúró láìyẹsẹ̀ fún nǹkan bíi mílíṣẹ́kọ́ndì 10 sí 20. Àkókò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ awakọ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

5.0 Bí súwíìṣì bá pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí súwíìṣì bá tó 30 tí ẹsẹ̀ sì jẹ́ 20, a ó to súwíìṣì náà sí ìlà ìbú àti ìlà òró. Ìlà ìbú 5 àti ìlà òró 6 gba súwíìṣì 30, ẹsẹ̀ 11 péré ni yóò sì ná wa. Bọ́ọ̀dù yóò fa ìlà ìbú kan sí fóltì 0, yóò bi ìlà òró kọ̀ọ̀kan pé kí ni ó rí, yóò sì bọ́ sí ìlà ìbú tí ó tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n yìí ti wà nínú kíbọ́ọ̀dù tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Kí a sọ pé súwíìṣì A wà níbi tí ìbú 1 ti pàdé òró 1, B wà ní ìbú 1 àti òró 2, D wà ní ìbú 2 àti òró 1, E sì wà ní ìbú 2 àti òró 2. Bí A, B àti D bá pa pọ̀, tí E sì ṣí, kí ni bọ́ọ̀dù yóò rí nígbà tí ó bá ń bi ìbú 2? Iná yóò ti òró 2 gba inú B dé ìbú 1, yóò gba inú A dé òró 1, yóò sì gba inú D dé ìbú 2. Bọ́ọ̀dù yóò wá gbà pé E pa pọ̀. Súwíìṣì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ti jẹ́rìí èké.

Lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ṣọ̀wọ́n kí ìka mẹ́ta wà nílẹ̀ ní irú igun bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá awakọ̀, súwíìṣì tí ń dúró ni ó pọ̀ jù: bátìrì, iná àyíká, páǹpù epo àti rédíò lè wà ní títàn pọ̀ fún odindi wákàtí kan. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún kíbọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀ràn ojoojúmọ́ fún wa. Ohun tí a fi ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí ni dáyóòdù, èyí tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tí kì í jẹ́ kí ó padà. A ó fi ọ̀kan sí ara súwíìṣì kọ̀ọ̀kan láìda ọ̀kankan sí. 1N4148 tí kò wọ́n tó fún iṣẹ́ náà. Nínú ètò tí a sọ yìí, ojú tí a fa ìlà dúdú sí lára dáyóòdù ni yóò kọjú sí ìlà ìbú. Iná kò ní í lè padà gba inú A mọ́, ẹ̀rí èké sì parí.

6.0 Súwíìṣì onípò púpọ̀ àti bọ́tìnì tí ń yí láìdúró

Kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì Cessna 172 ní ipò márùn-ún: OFF, R, L, BOTH àti START. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń dúró. START nìkan ni spríìngì ń dá padà sí BOTH bí a bá ti fi í sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ní ẹ̀rọ ìtanná méjì. R ń lo ti ọ̀tún nìkan, L ń lo ti òsì nìkan, BOTH ń lo méjèèjì. Kí awakọ̀ tó gbéra, yóò yí kọ́kọ́rọ́ sí R, yóò dá a padà sí BOTH, yóò yí i sí L, yóò tún dá a padà, yóò sì máa wo bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò yìí kò ní ìtumọ̀ kankan bí kọ́kọ́rọ́ bá sọ R tí ètò sì gbọ́ L.

Ipò kọ̀ọ̀kan ni a ó fún ní wáyà tirẹ̀, OFF pẹ̀lú. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún: bí kọ́kọ́rọ́ ti ń kúrò ní R lọ sí L, àkókò kúkúrú kan wà tí irin kò kan ọ̀kankan. Bí ètò bá ka 'kò sí níbì kankan' sí OFF, ẹ́ńjìnnì yóò hukọ́ tàbí kí ó kú láàrin ọ̀nà. Nítorí náà, bí kò bá sí ipò tí ń sọ̀rọ̀, ipò tí a gbọ́ kẹ́yìn ni a ó dì mú.

Bọ́tìnì tí awakọ̀ fi ń yí nọ́ńbà rédíò yàtọ̀ sí èyí. Ó ń yí láìdúró, kò sì ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin. Irin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í yí ipò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá yí i sí apá kan, ohun tí a ó kà yóò tò báyìí: 00, 01, 11, 10, bí a bá yí i sí apá kejì, títò náà yóò padà sẹ́yìn. Èyí tí ó kọ́kọ́ yí ni ó ń sọ apá ibi tí a yí i sí. Bọ́tìnì yìí jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ pátápátá, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, nítorí pé nínú ọkọ̀ gidi pàápàá, ojú rédíò ni awakọ̀ ti ń ka nọ́ńbà, kì í ṣe ara bọ́tìnì. A rí i pé kì í ṣe pé ìṣẹ̀lẹ̀ burú tí ipò sì dára; ohun tí ó yẹ ni pé kí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá wa bí ó ti wà nínú ọkọ̀.

7.0 Bí ipò ṣe ń di òtítọ́ nínú ètò àfarawé

Títí dé ibi tí a dé yìí, ipò ṣì ni ipò. Ìròyìn tí bọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ń sọ pé bọ́tìnì nọ́ńbà báyìí wà ní títẹ̀ tàbí kò sí ní títẹ̀. Ibi tí a ti ń so nọ́ńbà yìí mọ́ àṣẹ nínú ètò àfarawé ni ipò ti ń sọnù. Ohun mẹ́rin ni a dábàá.

(i) Kí a má ṣe lo àṣẹ ìyípadà fún súwíìṣì tí ń dúró. Àṣẹ méjì ni kí a lò: ọ̀kan fún títàn, ọ̀kan fún pípa. Nínú X-Plane, fún àpẹẹrẹ, sim/lights/landing_lights_on wà fún títan iná ìbalẹ̀, sim/lights/landing_lights_off sì wà fún pípa á. Bí a bá fún ètò ní 'tàn án' nígbà tí iná ti ń tàn, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Àwọn ètò kan gbà kí a so àṣẹ kejì mọ́ ìgbà tí a fi bọ́tìnì sílẹ̀. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, kí bọ́ọ̀dù tẹ nọ́ńbà kan fún àkókò kúkúrú nígbà tí súwíìṣì bá lọ sókè, kí ó sì tẹ nọ́ńbà mìíràn nígbà tí ó bá lọ sísàlẹ̀. Súwíìṣì 30 yóò wá gba nọ́ńbà 60. DirectInput ti Windows gba nọ́ńbà 128 lórí ẹ̀rọ kan, nítorí náà àyè ṣì wà.

(ii) Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ọ̀dù ka gbogbo súwíìṣì, kí ó sì fi ipò gbogbo wọn ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tí ì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ìdí ni pé ètò ti ní ipò tirẹ̀ lọ́kàn kí a tó jókòó.

(iii) Kí a yan ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí. Bí ẹnìkan bá fi máòsì tẹ iná lójú kọ̀ǹpútà, súwíìṣì gidi kò lè dìde fúnra rẹ̀ lọ bá a. Ètò kékeré kan lè máa bi X-Plane tàbí Microsoft Flight Simulator ní ipò tí iná wà, kí ó fi wé ti súwíìṣì, kí ó sì tún un ṣe bí wọn kò bá bára mu. Lójú tiwa, ọwọ́ ni kí ó borí nígbà gbogbo, nítorí pé súwíìṣì ni ojú awakọ̀ ń kà.

(iv) Kí a dá àwọn súwíìṣì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé sọ́tọ̀. Nínú Boeing 737, súwíìṣì tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì a máa dúró ní GRD nítorí pé òòfà kan dì í mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra dé ibi tí ó yẹ, òòfà yóò tú u sílẹ̀, yóò sì padà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi súwíìṣì lásán rọ́pò èyí gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ dá a padà. Bí ó bá gbàgbé, irọ́ ti wọlé. Òòfà ni ó yẹ kí ó rà.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé síso súwíìṣì gidi mọ́ yàrá awakọ̀ àfarawé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà nìkan. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni irọ́ lè gbà wọlé: ní ojú irin tí ó dípẹtà, ní ìta irin, ní ìlà tí kò ní dáyóòdù, ní àlàfo tí ó wà láàrin ipò kan àti èkejì, àti ní àṣẹ ìyípadà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan náà ni a sì rí ohun tí a lè fi dí i, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì wọ́n.

Àwọn ènìyàn lè sọ pé eré ilé ni, pé bí iná àfarawé bá tàn tàbí kò tàn, kò sí ẹni tí yóò kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tí ó mọ́ ọn lára láti wo súwíìṣì láìkà á ni yóò gbé lọ sí ibikíbi tí ó bá ń lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ẹni tí ó bá kọ́ yàrá rẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ ọ́n nípa àyẹ̀wò kan tí ó rọrùn: kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó gbé súwíìṣì bí ó ti wù ú, kí ó tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ó sì wo pátákó rẹ̀. Bí ohun tí pátákó ń sọ àti ohun tí ọkọ̀ ń ṣe bá dọ́gba láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan ohunkóhun, iṣẹ́ rẹ̀ yọrí.